Mọ́tò mẹ́tàdínlógún yí ṣítà kan ká: àárọ̀ ọjọ́ kan ní Maasai Mara

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ fídíò òde ni mo fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ọjọ́ ìbí: ibi tí wọ́n bá ti ń náwó lẹ ti máa rí mi. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdílé kan tó ń gbé ní London gbé iṣẹ́ kan fún mi tí mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Bàbá wọn ń pé ẹni 70 ọdún, àwọn ọmọ sì pinnu pé àwọn ò ní gba gbọ̀ngàn, àwọn máa gbé Bàbá lọ wo ẹranko ní Kẹ́ńyà. Wọ́n ní kí èmi tẹ̀ lé wọn, kí n máa ya fídíò.

Ọjọ́ márùn-ún la lò ní Maasai Mara, ọgbà ẹranko ńlá kan níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí kò gbà ju wákàtí kan lọ nínú ọjọ́ márùn-ún náà, àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a rí ṣítà kan àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tí a jọ wà nídìí iṣẹ́ kámẹ́rà ti ń bi mí bí wọ́n ṣe ń ya ẹranko igbó, mo sì rí i pé mi ò lè dáhùn láìsọ ti àárọ̀ yẹn. Apá tèmi wà nínú ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Kámẹ́rà méjì ni mo gbé dání. Ọ̀kan gba lẹ́ńsì gígùn tó ń fa ohun tó jìn mọ́ra, 100 sí 400 mìlímítà, èkejì gba èyí tó ń mú ibi fífẹ̀. Mo mú máìkì gígùn kan tí mo fi aṣọ onírun bò nítorí afẹ́fẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo máa ń gbé kámẹ́rà lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó kò níṣẹ́ kankan nínú mọ́tò safari, èyí tí wọ́n fi ń gbé àlejò lọ wo ẹranko. Kò síbi tí èèyàn máa tẹ́ ẹ sí, ẹnì kan bá sì yí ìdí padà lórí ìjókòó, àwòrán á mì. Àpò ẹ̀wà ni wọ́n ń lò. Télọ̀ àdúgbò mi ló bá mi rán tèmi, aṣọ jíǹsì, ó fi síìpù sí i lẹ́nu. Òfìfo ni mo gbé e wọ bàálù. Nígbà tí a dé Narok, ìlú tí a gbà kọjá láti Nairobi, mo ra ẹ̀wà kílò mẹ́ta lọ́jà, mo dà á sínú rẹ̀. Òrùlé mọ́tò safari máa ń ṣí sókè. Tí o bá gbé àpò náà lé etí rẹ̀, tí o gbé lẹ́ńsì lé e, ẹ̀wà á rọra gbà fún un lábẹ́, á sì dì í mú bí ìgbà tí wọ́n bá pọn ọmọ. Ọjọ́ tí à ń padà bọ̀, mo da ẹ̀wà náà fún alásè ibùdó wa.

Àbíkẹ́yìn Bàbá gbé dúróònù wá láti London. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Nairobi, wọ́n kọ ìwé fún un, ọjọ́ tí à ń kúrò ní Kẹ́ńyà ló rí i gbà padà. Kẹ́ńyà kì í jẹ́ kí èèyàn gbé dúróònù wọlé láìgba àṣẹ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ni fífò rẹ̀ nínú ọgbà ẹranko. Ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ, kó fi tirẹ̀ sílé.

Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà ni Mara wà, ní ìpínlẹ̀ Narok, ó fẹ̀yìn ti Tanzania. Ọgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń ṣàkóso fẹ̀ tó 1,510 kìlómítà níbùú lóròó. Láti oṣù Keje ọdún 2024 ni owó ìwọlé àlejò tí kì í ṣe ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ti di 200 dọ́là lójúmọ́ fún ìdajì ọdún tí èrò máa ń pọ̀, láti oṣù Keje títí dé Kejìlá. Ìdajì yòókù jẹ́ 100 dọ́là. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìwé ìwọlé náà sì mọ. Mo dárúkọ owó yìí nítorí pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó san 200 dọ́là fún wákàtí méjìlá, ojú rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Ó fẹ́ rí nǹkan, ó fẹ́ rí i nítòsí, ó sì fẹ́ rí i lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ṣítà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Nínú igbó tiwa a ní ẹkùn, a sì ń dárúkọ àmọ̀tẹ́kùn, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi orúkọ kan pe gbogbo ẹran alámì tó jọ ológbò. Ṣítà yàtọ̀. Duma ni àwọn awakọ̀ Kẹ́ńyà ń pè é. Àmì ara rẹ̀ dúdú, ó rí róbótó, kálukú sì dá dúró. Kì í ṣe òrùka-òrùka bíi ti ẹkùn. Ilà dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ láti ìgun ojú rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, bí ẹni tí omijé gbẹ sí lójú. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, eré ló gbójú lé. Ó lè sá eré tó tó 100 kìlómítà láàárín wákàtí, ṣùgbọ́n kò lè sá a pẹ́. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èémí rẹ̀ ti tán. Kò lágbára ìjà. Kìnnìún ń pa ọmọ rẹ̀, ìkookò ń gba ẹran mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣọdẹ lójúmọmọ, nígbà tí àwọn yẹn bá ń sùn. Ojúmọmọ náà sì ni àwa oníkámẹ́rà ń jáde.

Gbogbo ṣítà tó kù lágbàáyé kò ju bíi 7,000 lọ. Kì í ṣe Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nìkan ni wọ́n wà o. Díẹ̀ ṣì kù ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, ní Pendjari àti ọgbà ẹranko tí wọ́n ń pè ní W, ṣùgbọ́n wọ́n ti kéré jọjọ débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ fúnra wọn ò mọ̀ pé ó wà.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la gba ẹnubodè Talek wọlé. Òtútù mú gan-an, torí pé Mara ga ju òkun lọ ní mítà tó lé ní 1,500. Bàbá fi aṣọ ìbora pupa àwọn Maasai, ẹ̀yà tó ń gbé agbègbè náà, bo ejìká. Èèyàn mẹ́fà la wà nínú mọ́tò: Bàbá, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, èmi, àti awakọ̀ wa tó jẹ́ ọmọ Maasai, tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni awakọ̀ rí i. Èmi ò rí nǹkan kan o. Koríko ni mò ń wò, òun ti ń tọ́ka. Orí ọ̀gán kan ni ṣítà náà jókòó sí, ó ń wo ọ̀nà jíjìn, ọmọ mẹ́rin sì ń yí gbirigbiri nísàlẹ̀. Wọn ò tíì ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ. Irun eérú tí wọ́n fi ń bí wọn ṣì wà lẹ́yìn ọrùn wọn. Mọ́tò kan péré ló wà níbẹ̀ ṣáájú wa.

Ogún ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ wọ inú irun àwọn ọmọ náà. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà òde òní ń wá ojú ẹranko fúnra rẹ̀, ó sì ń dì í mú, nítorí náà iṣẹ́ mi ò ju kí n mú ọwọ́ dúró lọ. Mo gbọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣe ń fi eyín fa ìrù ìyá rẹ̀. Àwòrán tó dára jù nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, inú ogún ìṣẹ́jú yìí ni mo ti rí i.

Lẹ́yìn náà ni rédíò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo mọ́tò safari ló ní rédíò, àwọn awakọ̀ sì ń fi í ta ara wọn lólobó. Kiswahili ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ “duma”, mo sì gbọ́ “watoto wanne”. Ọmọ mẹ́rin nìyẹn. Mi ò ní bú awakọ̀ kankan lórí èyí. Àlejò tó bá rí ṣítà á fún awakọ̀ ní owó ọwọ́ tó jọjú, èyí tí kò bá rí i á máa fajú ro. Ẹni tó ta ọ́ lólobó lónìí, ìwọ náà gbọ́dọ̀ ta á lólobó lọ́la. Ìrànlọ́wọ́ láàárín ẹlẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, mọ́tò ti di 17. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà nínú fídíò.

Ṣítà náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò rí wa. Ẹran kéékèèké kan wà ní ọ̀kánkán, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Tommy. Wọ́n jọ ẹtu lójú mi, àyàfi pé ilà dúdú kan fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn wọn. Bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, wọ́n ń jẹko, ó tó 200 mítà sí wa. Mo rí i lójú lẹ́ńsì bí orí ìyá náà ṣe dúró ṣinṣin. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀gán. Àwọn ọmọ lúgọ sínú koríko láìsí pé ó bá wọn sọ̀rọ̀ tí etí wa gbọ́. Ó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì yọ sókè lẹ́yìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹkùn bá ba, kì í ṣe ti ojo, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Bàbá ló pa òwe yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn rẹ̀ sì wà nínú fídíò.

Ẹ̀yìn ṣítà náà ni mò ń rí. Ìrù àti ìbàdí. Mo fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká, mo ní kó gbé wa lọ síwájú, ojú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ó wò mí nínú dígí. Ó ní ẹran ń ṣọdẹ, ká dúró. Mo ní kó sáà lọ díẹ̀, a ò ní pẹ́.

Mo ti rò ó títí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òde ló wà lára mi. Lóde, oníkámẹ́rà tó bá dúró sẹ́yìn kò ní rí nǹkan gbé fún oníṣẹ́. A máa ń gba iwájú àwọn àgbà kọjá, a máa ń gun àga, a máa ń dúró sáàárín ìyàwó àti ìyá rẹ̀ nígbà tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Àwọn èèyàn ń fara dà á nítorí pé wọ́n fẹ́ fídíò náà, àwọn ló pè wá. Ṣítà yẹn kò pe ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ wa ṣáná sí mọ́tò. Ó gba ọ̀nà, kò wọ koríko, ó yí ká lọ sí ọ̀tún, ó dúró níwájú ṣítà náà ní ẹ̀gbẹ́. Mọ́tò méjì tẹ̀ lé wa lọ́gán. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé ẹni mẹ́ta ti kúrò, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa kù sẹ́yìn. Gbogbo wọn ṣáná lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan gba inú koríko. Mọ́tò funfun kan, tí èèyàn mẹ́rin yọ sókè lórí òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, gba àárín ṣítà àti àwọn Tommy kọjá gan-an.

Àwọn Tommy ti mọ mọ́tò. Mọ́tò tó bá dúró sójú kan kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn, wọ́n á máa jẹko wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn gbórí sókè, wọ́n kọjú sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i. Ó ṣì kù bíi 100 mítà kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣítà kì í dá eré sílẹ̀ láti ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ sún mọ́ ọn gan-an kó tó ná agbára tí kò pọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n fọ́n ká. Ó dìde dúró. Kò tilẹ̀ sáré. Ó kàn dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ojú tí mò ń wá, mo rí i. Ó kọjú sí lẹ́ńsì mi tààrà, ó mọ́ kedere, irun ètè rẹ̀ ṣeé kà.

Nígbà tó yíjú padà láti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, mọ́tò ti to sí àárín wọn. Ó lọ sí ọ̀tún, mọ́tò kan sún mọ́ ọn láti ya á. Ó lọ sí òsì. Àwọn ọmọ wà nínú koríko lódìkejì, a ò rí wọn mọ́. Ó wá ń pè wọ́n. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ohùn ṣítà rí lè máa retí ìbúramúramù bíi ti kìnnìún. Bí ẹyẹ ló ń ké, ohùn kékeré tó ga, tó sì kúrú, ìgbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin, á dákẹ́ tẹ́tí, á tún ké.

Bàbá sọ fún mi pé, “Sọ fún un kó pa ẹ́ńjìnnì.”

Mo sọ fún awakọ̀. Ó pa á. Ṣùgbọ́n ti àwọn yòókù ṣì ń dún.

Bàbá ò tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n bí i sí, ní Òkè-Ògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti di Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé lónìí. Ọdẹ ni bàbá tiẹ̀. Ó wá ní, “Bàbá mi pa ẹran púpọ̀, ó pa ju èyí tí mo lè kà lọ. Ṣùgbọ́n bó bá rí ẹran tó ń tọ́mọ, ó máa gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, á wá ibòmíràn gbà. Àwa ò gbé ìbọn, a sì ti lé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lọ.” Ó ní ká máa lọ. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ní kí Daddy jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i bóyá ó máa tún gbìyànjú. Bàbá kò dá a lóhùn. A kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń jáde ni mọ́tò àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ń bọ̀. Mo rí wọn lẹ́yìn tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àwọn mọ́tò tó wọ koríko, tí wọ́n sì ń tú wọn ká. A ò mọ̀ bóyá ìyá náà rí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà.

Òfin wà fún gbogbo èyí, wọ́n kọ ọ́ síbi tí àlejò lè kà á: mọ́tò márùn-ún péré nídìí ẹran kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí mọ́tò má sún mọ́ ẹran ju mítà 25 lọ, kí ẹni tó dúró lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí àwọn mìíràn bá ń dúró, kí ẹnikẹ́ni má kúrò lójú ọ̀nà nínú ọgbà ìjọba. Èmi ti kà á ní Ìbàdàn kí n tó wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò lè wà níbi gbogbo nínú ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọwọ́ awakọ̀ ni òfin náà bọ́ sí, awakọ̀ sì ń gbọ́ ohùn ẹni tó máa sanwó fún un. Ohùn tèmi ló gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìwádìí kan tí Femke Broekhuis, onímọ̀ nípa ẹranko igbó, ṣe lórí àwọn ṣítà Mara, tó jáde ní 2018, ni mo rí kà lẹ́yìn tí mo délé. Níbi tí mọ́tò àlejò ti pọ̀, ìpíndọ́gba ọmọ tí ìyá kan ń tọ́ tó fi ń dá dúró jẹ́ 0.2. Níbi tí mọ́tò ò pọ̀, ó jẹ́ 2.3. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kí ìyá mẹ́wàá bímọ láàárín mọ́tò, bíi ọmọ méjì ni gbogbo wọn máa rí tọ́ dàgbà, kí mẹ́wàá bímọ níbi tó parọ́rọ́, mẹ́tàlélógún. Kò sí ẹ̀rí pé mọ́tò ló ń tẹ àwọn ọmọ náà pa. Ohun tó jọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni irú èyí tí mo rí: oúnjẹ tó bọ́, àkókò tí ìyá fi ń ṣọ́ wa dípò kó máa ṣọ́ ìkookò. Kì í ṣe ojú wa ni àwọn ọmọ náà ń kú sí, a ti padà sí ibùdó lọ jẹun kí ebi tó pa wọ́n.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sínú àgọ́, mo ń kó fídíò sínú kọ̀ǹpútà. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí. Lójú, gbogbo nǹkan dára, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ náà mọ́. Ṣùgbọ́n máìkì kì í yan ohun tó máa gbọ́. Ẹ́ńjìnnì dísù ló kún inú rẹ̀, àti ohùn kan tó ń sọ pé kí wọ́n sún síwájú, mo sì mọ ohùn náà. Láàárín ariwo yẹn, bí mo bá dín ti ìsàlẹ̀ kù, ohùn ẹyẹ yẹn á yọ. Ìgbà mọ́kànlá ló pè wọ́n kí a tó kúrò.

Lọ́jọ́ kejì mo bá awakọ̀ wa nídìí tíì kí àwọn yòókù tó jí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ó mú igi kan, ó fi yàwòrán sílẹ̀ fún mi. Ó ya ẹran tó ń ṣọdẹ, ó ya ẹran tó ń lépa, ó fa ilà gígùn kan láàárín wọn. Ó ní orí ilà yìí, mọ́tò ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dé iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹran tó ń ṣọdẹ ni kéèyàn dúró sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ tó jìn, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì gbà pé ó lè jẹ́ ẹ̀yìn nìkan lòun máa rí.

Mo wá ní kí àwọn ọmọ Bàbá ṣe ohun kan tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju lẹ́ńsì lọ. Wọ́n sọ fún awakọ̀ pé owó ọwọ́ rẹ̀ ti dúró, wọ́n dárúkọ iye rẹ̀, wọ́n ní bó rí ṣítà bí kò rí i, iye náà kò ní dín. A sì fẹnu kò pé a ò ní kéde ẹran tó bá ní ọmọ tàbí tó ń ṣọdẹ lórí rédíò. Mo rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan kan fúyẹ́ lára rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, a lọ sí odò Mara, a rí àwọn ẹran ńlá tí wọ́n ń pè ní nyumbu tí wọ́n kóra jọ sí bèbè, wọn kò sì sọdá. Èrò pọ̀ níbẹ̀ náà. Mi ò ní dúró lé e lórí.

Ọjọ́ kẹrin ni a tún rí ṣítà, abo mìíràn tí kò lọ́mọ lẹ́yìn, ní ìhà tí kò sí mọ́tò kankan. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó lé ní 60 mítà. Kí n sọ òótọ́, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ṣítà náà sùn. Ó jí, ó lá ẹsẹ̀, ó tún sùn. Àbíkẹ́yìn Bàbá gbàgbé ara rẹ̀, ó ń hanrun. Bàbá kò gbé awò kúrò lójú. Mo pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí síìpù àpò ẹ̀wà, mo ti í pa, mo ń ka àwọn eṣinṣin tó ń bà lé mi lápá.

Ìṣòro tí mo rí tẹ́lẹ̀ tí mi ò lè ṣe nǹkan sí ni ooru. Bí oòrùn bá ti ga, ilẹ̀ á gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ooru á sì máa jó lókè koríko bí ìgbà tí a bá wo iná àdògán láti òdìkejì. Ojú lásán kì í rí i púpọ̀. Lẹ́ńsì gígùn ń rí i, kò sì sí owó tí èèyàn fi ra lẹ́ńsì tó lè mú un kúrò. Bí ẹran bá ṣe jìn sí ẹ tó ni àwòrán náà á ṣe máa yọ́ tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n sì máa ń kó irinṣẹ́ wọlé ṣáájú ọ̀sán.

Aago mọ́kànlá kọjá ni Tommy mẹ́fà rìn wọ ojú ibẹ̀. Ṣítà náà lúgọ. Kò sí ẹni tó mí nínú mọ́tò wa. Ó ba, ó ba, ó dúró, ó tún ba. Mo ti yí kámẹ́rà sí 100 férémù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí eré náà lè falẹ̀ nínú fídíò, mo sì fi èkejì tó ń mú ibi fífẹ̀ sílẹ̀ kó máa ya fídíò lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó já sáré, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kò ní ìró. Ó kàn dà bí ẹni pé koríko là sí méjì. Tommy tó ń lé yí sí òsì, òun náà yí, ìrù rẹ̀ fò sí òdìkejì bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣubú. Mo sọ ọ́ nù nínú lẹ́ńsì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, mo tún rí i. Eruku. Ó ti mú un.

Ìṣẹ́jú àáyá 14 ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́sàn-án ló ṣeé lò, ìyẹn náà kò mọ́. Ooru ti mú kí ara rẹ̀ dà bí ohun tí à ń wò nísàlẹ̀ omi. Bàbá sọ awò kalẹ̀, ojú rẹ̀ tutù. Ó kí ṣítà náà bí wọ́n ṣe ń kí ọdẹ tó ti oko dé. Ṣítà náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè jẹun lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ wa kò ṣáná sí mọ́tò títí ó fi jẹun tán, nítorí pé mọ́tò tó ń sáré lọ síbi ẹran pípa lè fi ọ̀nà han ìkookò.

Nígbà tí mo fi àbọ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí London, àkọ́bí Bàbá pè mí. Mo ń pè é ní Àǹtí. Ó ní, “Ẹ ṣé o, ó wú wa lórí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ibi tó ti ń sáré yẹn fi ṣú báyìí? Ti ọjọ́ kejì tó kọjú sí wa yẹn mọ́ gan-an, a ò sì rí i níbẹ̀.” Mo ní, “Àǹtí, mo yọ ọ́ ni.” Mo ṣàlàyé fún wọn pé ojú tó mọ́ yẹn, ojú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n bá Daddy sọ̀rọ̀. Bàbá gba fóònù, ó ní kí n má fi àwòrán náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má pa ohùn rẹ̀ rẹ́.

Nítorí náà, òkùnkùn biribiri ni fídíò ọjọ́ ìbí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀, kò sí orin, kò sí orúkọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́, ohùn tó dà bí ti ẹyẹ á yọ láàárín rẹ̀, ìgbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin, á dákẹ́. Lẹ́yìn náà Bàbá á sọ pé, “Sọ fún un kó pa ẹ́ńjìnnì.”